Iná Mọ̀nàmọ́ná àti Ará Oko

Bí ènìyàn bá ń ti Òṣogbo lọ sí Jẹ́bà, yóò rí àwọn òpó irin ńláńlá tí wọ́n tò lọ bí ọ̀wọ́ òmìrán nínú igbó àti ọ̀dàn. Wọ́n na apá sọ́tùn-ún, wọ́n na apá sósì, wáyà tí ó nípọn sì so láti orí ọ̀kan dé orí èkejì. Wáyà wọ̀nyí ni ó ń gbé iná mọ̀nàmọ́ná láti Kàìnjì àti Jẹ́bà, ní etí odò Ọya, wá sí àwọn ìlú ńláńlá. Lábẹ́ wọn ni àgbẹ̀ ti ń kọ ebè. Nítòsí wọn ni ọ̀pọ̀ abúlé wà. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, púpọ̀ nínú àwọn abúlé náà a máa ṣókùnkùn biribiri, tí ó fi jẹ́ pé àtùpà àti iná tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń ríran. Iná ń kọjá lórí wọn, kò yà sọ́dọ̀ wọn. Bí ọmọ kékeré kan bá bi bàbá rẹ̀ léèrè pé, “Bàbá, kí ló dé tí iná yìí kò fi yà sí ilé wa?” ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni ó béèrè, kò sì yẹ kí a fi ìbínú dá a lóhùn. Ìdáhùn rẹ̀ gba àlàyé.

Ìdí kìíní wà nínú ìṣe iná fúnra rẹ̀. Nígbà tí iná mọ̀nàmọ́ná bá ń rìn nínú wáyà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń dé ibi tí ó ń lọ. Díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa di ooru, a sì ṣòfò sí ojú ọ̀nà. Bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni òfò náà ṣe ń pọ̀ tó. Àwọn onímọ̀ rí i pé bí a bá mú kí ipá tí ó ń ti iná náà ga púpọ̀, òfò yìí yóò dín kù. Nítorí náà ni a ṣe ń fi ipá 330,000 fólítì ti iná Kàìnjì jáde. Ṣùgbọ́n èyí tí a ń lò nínú ilé kò ju nǹkan bí 230 fólítì lọ. Ẹni tí ó bá ní òun yóò so gílóòbù ilé òun mọ́ wáyà ńlá yẹn dà bí ẹni tí ó gbé igbá sábẹ́ ìtàkìtì omi: igbá a fọ́, ọwọ́ a sì kán. A ní láti kọ́kọ́ rọ ipá iná náà sílẹ̀ ní ìpele-ìpele, láti 330,000 sí 132,000, láti ibẹ̀ sí 33,000, àti sí 11,000 ní ọ̀pọ̀ ibi, kí ó tó wá di ìwọ̀n tí ilé lè gbà. Ẹ̀rọ tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni à ń pè ní tíránsífọ́mà. Èyí tí a ń rí lórí òpó ní àdúgbò wa, ọmọ kékeré wọn ni. Àwọn ìyá wọn tóbi tó ilé, owó tí a sì fi ń ra ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn kì í ṣe owó tí abúlé kan lè dá.

Ìdí kejì ni ó le jù, nítorí pé ọ̀rọ̀ owó ni. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣe àpẹẹrẹ. Bí ogójì obìnrin bá kó ẹrù wọn jọ sí ojú kan láti lọ sí ọjà, ọkọ̀ yóò gbé wọn, owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò san kò sì ní pọ̀. Ṣùgbọ́n bí obìnrin kan ṣoṣo bá dúró ní ìkóríta jíjìn pẹ̀lú agbọ̀n ata kan, awakọ̀ yóò wo epo tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò jó, yóò wo gbágungbàgun ojú ọ̀nà, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé ó kórìíra obìnrin náà. Bí ọkọ̀ yóò bá yà gbé e, yálà kí ó dá owó gbogbo ọkọ̀ san, tàbí kí ẹlòmíràn bá a san nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ òpó iná rí. Ní ìlú, wáyà tí gígùn rẹ̀ kò ju kìlómítà kan lọ lè kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé; ní oko, èyí tí ó gùn ní ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ lè má kan ju aba méjì lọ. Òpó kan náà ni, wáyà kan náà ni, iye kan náà ni a sì fi rà wọ́n. Ohun tí ó ń pa ará oko lára ni àlàfo. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn iná mọ̀nàmọ́ná ní ìgbèríko, níbikíbi tí ó wù kí ó jẹ́ ní ayé, kí ó máa wo àlàfo yẹn, kí ó sì máa béèrè ẹni tí ó san owó rẹ̀.

Ní ayé àtijọ́, kí iná yìí tó dé ibì kankan, ògùṣọ̀ ni àwọn baba wa fi ń rìn lóru. Nínú ilé, fìtílà amọ̀ ni wọ́n ń tàn: wọn a bu epo sí i, wọn a fi òwú sí i, wọn a sì ṣáná sí etí òwú náà. Nígbà tí epo òyìnbó dé, àtùpà alágolo gbòde, láńtánì onígíláàsì sì tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó di ènìyàn pàtàkì ní ilẹ̀ yìí ni ó fi àtùpà alágolo kàwé, tí wọ́n bá sì jí ní òwúrọ̀ tí wọ́n fọn imú, èéfín dúdú ni yóò máa jáde. Àwọn kan fẹ́ràn láti máa yin ìgbà náà. Wọn a sọ̀rọ̀ òṣùpá, wọn a sọ̀rọ̀ àlọ́, wọn a ní iná mọ̀nàmọ́ná ni ó ba ayé jẹ́. Èmi kò sí nínú wọn. Àlọ́ dára, òṣùpá sì dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rí ọmọ tí àtùpà elépo jó lára kò ní fi ẹnu bẹ́ẹ̀ yin àtùpà mọ́.

Síbẹ̀, bí a bá wò ó dáadáa, ìmọ́lẹ̀ kọ́ ni olórí ohun tí iná mọ̀nàmọ́ná mú wá. Ẹ ronú nípa iye wákàtí tí ìyá kan ń lò nídìí ọlọ, nídìí odó, ní ojú ọ̀nà odò, nídìí gbágùúdá tí ó ń rin. Iṣẹ́ wọ̀nyí kì í tán. Òní ni a ó ṣe é, ọ̀la ni a ó tún un ṣe, ara tí ó sì ń ṣe é ni ó ń gbó lọ. Iná tí ó lè fa omi láti inú kànga, tí ó lè lọ ata, tí ó lè rin gbágùúdá, ọjọ́ ayé ènìyàn ni ó ń dá padà fún un. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a óò tún padà sí i.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń lo iná mọ̀nàmọ́ná nínú oko láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọdún 1882 ni Thomas Edison ṣí ilé iná rẹ̀ ní ìlú New York. Ó lé ní 50 ọdún lẹ́yìn náà, ní ọdún 1935, nǹkan bí oko kan ṣoṣo nínú mẹ́wàá ni ó ní iná ní Amẹ́ríkà, nígbà tí púpọ̀ jùlọ nínú àwọn ará ìlú ńlá ti ń lò ó. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kì í gbé pọ̀ ní abúlé bí tiwa. Olúkúlùkù ni ó ń kọ́ ilé tirẹ̀ sí àárín oko tirẹ̀, ilé ẹnì kan sì lè jìnnà sí ti aládùúgbò rẹ̀ gan-an. Ní àwọn òkè Texas, kànga ni àwọn obìnrin ti ń fa omi tí wọ́n ń rù wá sílé. Orí ààrò igi ni wọ́n ti ń gbé irin ìlọṣọ kaná, àní nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tí ooru ti mú tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tẹ̀ kí wọ́n tó dàgbà.

Àwọn ilé-iṣẹ́ iná ní ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n ní ilé àwọn àgbẹ̀ fọ́n káàkiri. Wọ́n ní tálákà ni wọ́n. Wọ́n ní bí a bá tilẹ̀ fún wọn ní iná, gílóòbù méjì péré ni wọn yóò máa tàn, owó tí wọn yóò máa san kò sì ní ká owó òpó. Bí àgbẹ̀ kan bá sì tẹnu mọ́ ọn pé òun fẹ́ iná, wọn a ní kí ó fi owó ara rẹ̀ ra òpó àti wáyà, bẹ́ẹ̀ ni ti ilé-iṣẹ́ ni òpó náà yóò jẹ́ bí ó bá rà á tán. Kì í ṣe irọ́ ni wọ́n ń pa nípa iye owó. Ọlọ́kọ̀ akẹ́rù wa ni wọ́n, agbọ̀n ata kan ni wọ́n sì rí.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kárùn-ún ọdún 1935, Ààrẹ Franklin Roosevelt fi ọwọ́ sí ìwé tí ó dá àjọ kan sílẹ̀ fún ìpèsè iná ní ìgbèríko. Ní ọdún 1936, àwọn aṣòfin sọ ọ́ di òfin. Àjọ yìí kò ri òpó fúnra rẹ̀. Ńṣe ni ó ń yá ènìyàn lówó ní èlé kékeré, tí wọn yóò sì fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún san án padà. Ìrètí àwọn kan ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ iná ni yóò wá yá owó náà. Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ni ó wá. Wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì san dọ́là márùn-ún láti wọ ẹgbẹ́. Ẹ má ṣe rò pé owó kékeré ni dọ́là márùn-ún nígbà náà. Ọdún ìyàn ni, ọjà kò tà, àgbẹ̀ tí ó bá yọ ọ́ láti inú àpò rẹ̀ mọ ohun tí ó fi du ara rẹ̀. Àwọn kan a gun ẹṣin, àwọn mìíràn a fi ẹsẹ̀ rìn láti oko dé oko láti wá àwọn tí yóò bá wọn fọwọ́ sí ìwé, nítorí pé bí àwọn tí ó fọwọ́ sí i kò bá pọ̀ tó ní ojú ọ̀nà kan, àjọ kò ní yá wọn lówó. Àwọn kan kọ̀, nítorí ẹ̀rù gbèsè. Ní àwọn òkè Texas tí mo sọ yẹn, ilé kò tilẹ̀ pọ̀ tó iye tí àjọ ń béèrè. Aṣojú wọn ní ilé aṣòfin, Lyndon Johnson, ẹni tí ó wá di Ààrẹ ní ọdún 1963, ni ó bẹ̀bẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Roosevelt fúnra rẹ̀. Ọdún 1938 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. Ní ọdún 1939 iná tàn.

Ohun tí ó wú mi lórí jù nínú ìtàn yìí ni bí wọ́n ṣe dín owó àlàfo kù. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ẹgbẹ́ náà béèrè ìdí tí òpó fi gbọ́dọ̀ sún mọ́ra tó bí ti ìlú. Wọ́n lo wáyà tí ó lágbára jù, wọ́n sì jẹ́ kí òpó jìnnà síra, tí ó fi jẹ́ pé òpó tí a ń rì sí máìlì kan dín kù. Wọ́n pín iṣẹ́ láàrin àwọn òṣìṣẹ́: àwọn kan ń gbẹ́ ihò, àwọn kan ń gbé òpó nà ró, àwọn kan ń ta wáyà, wọ́n sì ń tẹ̀lé ara wọn lọ láìdúró. Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ni ó ń ka mítà ilé wọn tí wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n rí ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́, kí a má bàa san owó oṣù fún ẹni tí yóò máa rìn kiri. Máìlì kan tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń sọ pé yóò ná àwọn ní nǹkan bí 2,000 dọ́là, wọ́n ṣe é ní ohun tí kò tó 1,000. Àjọ náà tún gbé àgọ́ ńlá kan láti agbègbè dé agbègbè, bí ìgbà tí àwọn eléré bá dé, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ ìfúnwàrà, ààrò oníná àti ẹ̀rọ ìfọṣọ hàn àwọn àgbẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé bí àgbẹ̀ bá ń tan gílóòbù méjì péré, asọtẹ́lẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ iná yóò ṣẹ, ẹgbẹ́ kò sì ní rí gbèsè san. Nígbà tí ó fi di àárín àwọn ọdún 1950, oko tí ó ní iná ní Amẹ́ríkà ti lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá.

Ní ọdún 1935 yìí kan náà ni ìjọba amúnisìn ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Nàìjíríà. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Wọ́n ń kó kòkó wọn jọ, wọ́n ń tà á pọ̀, wọ́n sì ń yá ara wọn lówó. Àwọn ènìyàn tí ó mọ bí a ti ń fi kékeré kún kékeré ni wọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀ iná wá síwájú wọn. Iná mọ̀nàmọ́ná gba ọ̀nà mìíràn wọ ilẹ̀ wa.

Èkó ni ó kọ́kọ́ dé, ní ọdún 1896, pẹ̀lú ẹ̀rọ méjì tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 30 kílówáàtì. Lónìí, ilé-ìtura kan ṣoṣo lè lò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àárín ibi tí àwọn òyìnbó ń gbé tí wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́ ni ó mọ sí. Láti ìparí àwọn ọdún 1920, ó dé Port Harcourt, ó dé Kàdúná, ó dé Enugu. Ẹ wò wọ́n bí wọ́n ti jẹ́: ọ̀kan jẹ́ èbúté, èkejì jẹ́ ibùjókòó ìjọba, ẹ̀kẹta jẹ́ ìlú èédú. Ní agbègbè Jọ́ọ̀sì, ilé-iṣẹ́ kan tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1929 fi omi odò ṣe iná fún àwọn tí ń wa tánganran. Ibi tí ìjọba bá wà tàbí ibi tí ẹrù tí a ń kó lọ sí òkè òkun bá wà, ibẹ̀ ni iná ń tọ̀ lọ. Kòkó náà ń lọ sí òkè òkun o, ṣùgbọ́n oòrùn ni a fi ń sá kòkó. Kò béèrè iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Òfin ọdún 1950 ni ó kó àwọn ilé iná ìjọba jọ sábẹ́ àjọ kan ṣoṣo, ECN. Lẹ́yìn náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí sé odò Ọya ní Kàìnjì. Iṣẹ́ ńlá ni. Omi bo ìlú Bùsà àtijọ́, àwọn ènìyàn tí ó lé ní 40,000 sì kó kúrò ní ilẹ̀ baba wọn kí adágún náà lè rí àyè. Ní ọdún 1968, iná Kàìnjì bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn. Nígbà tí a parí rẹ̀, agbára rẹ̀ jẹ́ 760 mẹ́gáwáàtì. Òṣogbo ni a fi ṣe ibi tí a ti ń darí iná gbogbo orílẹ̀-èdè, ibẹ̀ náà sì ni ó wà títí di òní. Ní ọdún 1972, ECN àti àjọ tí ń ṣàkóso ìsédò di ọ̀kan, orúkọ wọn sì di NEPA, orúkọ tí àwọn ọmọdé ṣì ń pariwo nígbà tí iná bá dé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àjọ náà ti kúrò lórí oyè láti ọdún 2005.

Láti ìgbà náà lọ, ìlànà tí ìjọba ń tẹ̀lé ni pé kí a fa wáyà láti ìlú ńlá sí ìlú kékeré, pàápàá sí olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn abúlé tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà sì máa jàǹfààní. Ọ̀pọ̀ ìlú rí iná bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òpó dùn-ún rì ju iná-ún gbé wá lọ. Abúlé kan wà tí mo mọ̀ láti ìgbà èwe mi. Àkókò ìbò ni wọ́n kó òpó wá síbẹ̀. Àwọn ènìyàn jó, wọ́n pa ewúrẹ́. Ìbò kọjá, wáyà kò dé. Ewúrẹ́ mìíràn ni a wá ń so mọ́ òpó. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àwọn ọmọ abúlé tí ó wà ní ìlú ńlá dá owó jọ, wọ́n ra wáyà, wọ́n ra tíránsífọ́mà, wọ́n sì fà á lé àwọn tí ń pín iná lọ́wọ́. Iná tàn fún oṣù mẹ́rin. Ọjọ́ tí tíránsífọ́mà náà jó, wọ́n ní kí abúlé tún lọ ra òmíràn. Irú ìtàn yìí kì í ṣe ti abúlé kan ṣoṣo. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ó ti oko wá láàrin wa tí kò ní ọ̀kan bẹ́ẹ̀ láti sọ, ó sì jọ ti àgbẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ní kí ó ra òpó fún ilé-iṣẹ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti Texas ni ó ni òpó wọn, bí ó bá bàjẹ́ àwọn náà ni yóò tún un ṣe, kò sí ẹni tí wọn yóò máa wo ojú rẹ̀.

Òfin tí ó mú orúkọ NEPA kúrò ní ọdún 2005 náà ni ó fi ìdí àjọ kan múlẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ìgbèríko nìkan, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2006. Ní ọdún 2013, ìjọba ta iṣẹ́ pípín iná fún àwọn aládàáni. Oníṣòwò ni aládàáni. Bí kò bá rí èrè ní ìlú, a jẹ́ pé oko kò sí lójú rẹ̀. Ní ọdún 2021, Báńkì Àgbáyé sọ pé ó tó mílíọ̀nù 85 ènìyàn ní Nàìjíríà tí kò ní iná láti ara wáyà ìjọba. Púpọ̀ jùlọ nínú wọn ni ó wà ní oko.

Níbí yìí ni mo fẹ́ kí a tún wo àlàfo wa. Mo ti sọ pé ní Amẹ́ríkà, ilé àgbẹ̀ kan jìnnà sí ti èkejì. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Abúlé Yorùbá a máa ṣù mọ́ra: ilé fẹ̀yìn ti ilé, àgbàlá kan wọ èkejì, ohùn ẹni tí ó ń kí ará iwájú ilé a sì dé etí ará ẹ̀yìnkùlé. Wáyà tí yóò yí gbogbo abúlé bẹ́ẹ̀ po kò gùn. Àlàfo tiwa wà láàrin abúlé àti ìlú, kò sí láàrin ilé àti ilé. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ṣé dandan ni kí a máa ti ọ̀nà jíjìn fa iná wá? Bí a bá lè ṣe iná náà sí inú abúlé fúnra rẹ̀ ńkọ́?

Fún ìgbà pípẹ́, ìdáhùn ìbéèrè yìí ni ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀, epo rẹ̀ sì ń jẹ owó bí iná ti ń jẹ koríko. Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ padà ni oòrùn. Pátákó dúdú tí ń sọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn di iná kì í ṣe ohun tuntun, ṣùgbọ́n ó wọ́n bí ojú. Láàrin ọdún 2010 sí 2020, owó rẹ̀ já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tí a ń rà ní náírà mẹ́wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ di náírà kan. A lè wá to pátákó wọ̀nyí sí ẹ̀yìn abúlé, kí a kó bátìrì ńláńlá sí yàrá kan, kí a ri òpó kéékèèké, kí a sì so gbogbo ilé pọ̀. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ní Gbamu-Gbamu, abúlé àgbẹ̀ kan ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, ìpínlẹ̀ Ògùn, ní ọdún 2018. Ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ni ó kọ́ ọ, pẹ̀lú ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù àti Jámánì. Agbára pátákó oòrùn ibẹ̀ jẹ́ 85 kílówáàtì. Ẹ rántí Èkó ti ọdún 1896: 60 ni gbogbo tirẹ̀.

Bátìrì ni ó ń gba owó jù nínú irú iṣẹ́ báyìí, kì í sì í tọ́jọ́; lẹ́yìn ọdún mélòó kan, a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Iná tí a lò ní ọ̀sán, nígbà tí oòrùn ń ràn, ọ̀fẹ́ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ fún ilé-iṣẹ́ náà. Èyí tí a lò ní òru, inú bátìrì ni ó ti ń jáde, ó sì wọ́n. Ní àkókò òjò, tí òfuurufú ṣú fún ọjọ́ púpọ̀, ẹ̀rọ dísù ni a fi ń ran oòrùn lọ́wọ́. Nítorí náà, abúlé tí ó bá ń fi iná tàn gílóòbù ní alẹ́ nìkan ni abúlé tí iná rẹ̀ kò ní pẹ́ kú. Abúlé tí obìnrin ti ń rin gbágùúdá ní ọ̀sán, tí alágbẹ̀dẹ ti ń jó irin, tí ẹlẹ́ja ti ní ẹ̀rọ amú-nǹkan-tutù, òun ni owó yóò máa wọlé láti ibẹ̀. Ohun tí àgọ́ Amẹ́ríkà ń wí kiri náà nìyí, àárẹ̀ àwọn ìyá wa tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ni ó sì tún padà wá yìí.

Ìjọba ní ìlànà tuntun kan tí mo rí i pé ó mọ́gbọ́n dání: owó ìrànwọ́ tí a ń fún ilé-iṣẹ́, iye ilé tí iná bá ti dé ní tòótọ́ ni a fi ń ṣírò rẹ̀. Òpó tí kò ní wáyà kò mú owó wá mọ́.

Ṣùgbọ́n ìjà kan wà nílẹ̀ tí kò tíì parí. Iye tí ará oko ń san fún yúnítì iná oòrùn wọ̀nyí máa ń ga ju èyí tí ọ̀pọ̀ ará ìlú ń san fún iná wáyà ńlá. Àgbẹ̀ tí kò ní tó ni ó ń san jù. Àwọn ilé-iṣẹ́ ní kí a fi í wé owó epo jẹnẹrétọ̀, pàápàá láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù kárùn-ún ọdún 2023. Wọ́n ní iná àwọn dínwó ju ìyẹn lọ, òtítọ́ sì ni. Àwọn mìíràn ní bí ìjọba ti bá ará ìlú san nínú owó tirẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó yẹ kí ó bá ará oko náà san. Lójú mi, àwọn wọ̀nyí ni ó jàre. Ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí owó tí kò ká iṣẹ́ ṣe fún àwọn ilé iná wa, èmi kò sì fẹ́ kí bátìrì kú sí abúlé nítorí pé a ta iná ní ìtàkútà. Òfin iná ti ọdún 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ ní agbára láti ṣe òfin iná tiwọn. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba iṣẹ́ náà ní ọdún 2024. Àwọn ni ọ̀rọ̀ yìí yóò kọ́kọ́ bá nílé.

Ìlànà kan tí ó jáde ní ọdún 2016 gba ilé-iṣẹ́ láyè láti bá abúlé jókòó, kí wọ́n jọ fohùn ṣọ̀kan lórí iye owó iná. Bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí yóò lo iná náà bá ti gbà, iye náà dúró. Báyìí ni ó ṣe di pé abẹ́ igi odán ni a ti ń jíròrò lórí ohun tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì nìkan nígbà kan. Baálẹ̀ yóò jókòó, àwọn ọ̀dọ́ yóò dúró, àwọn tí ó wá láti ìlú yóò sì ṣí ìwé wọn. Wọn yóò sọ̀rọ̀ gílóòbù, wọn yóò sọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n, wọn yóò sọ̀rọ̀ fóònù tí a ó máa fi iná sí láìrìn lọ sí ìlú mìíràn. Àwọn ọ̀dọ́ yóò pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ìyá kan láti ẹ̀yìn, tí ó ti ń gbọ́ láti àárọ̀, yóò béèrè pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ṣé yóò lè yí ẹ̀rọ gbágùúdá, àti pé èló ni?”